Nígbà tí gbogbo oníbàárà bá ní nọ́ńbà fóònù kan náà

Ẹ ṣí áàpù tí ẹ fi ń tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà yín, pàápàá tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti kọ ọ́, kí ẹ lọ wo ibi tí nọ́ńbà fóònù wà. Bí ẹ bá rí 2147483647 níwájú Ìyá Ìbejì tó ń ra sìmẹ́ǹtì ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, tí ẹ tún rí i níwájú kọ́ńtírákítọ̀ tó ń kọ́lé ní Ágíríìkì, tó sì wà níwájú igba èèyàn mìíràn bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ pe nọ́ńbà náà. Ẹni tó kọ áàpù yín ló sọ fún dátábéèsì, ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ sí, pé iye ni nọ́ńbà fóònù, bí iye àpò sìmẹ́ǹtì. Àpótí tó kó o sí, èyí tí MySQL, ètò tó ń bójú tó dátábéèsì náà, ń pè ní INT, kì í gba iye tó bá ju 2,147,483,647 lọ. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ilẹ̀ wa, tí òdo iwájú rẹ̀ bá ti kúrò, ẹyọ mẹ́wàá ló kù, 7, 8 tàbí 9 ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí kò ju àpótí yẹn lọ. MySQL ayé ìgbà yẹn kì í pariwo. Á gé e sí ibi tí àpótí mọ, á sì sọ fún akọ̀wé yín pé ó ti wọlé. Ìgbà tí MySQL 5.7 jáde ní 2015 ló tó di pé ó máa ń kọ̀ fúnra rẹ̀ láti gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá lọ pa á lẹ́nu mọ́.

Ọmọ tó ṣe é kì í ṣe òpè. Ó kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó gba iye tí wọ́n bá a ná, áàpù náà sì ṣiṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tó gbé e sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó yẹ kí owó yín rà lọ́jọ́ tí ẹ bá pinnu láti wá àgbà nínú iṣẹ́ náà, ẹni tí yóò tún irú áàpù bẹ́ẹ̀ ṣe. Oníṣòwò á máa rò pé kóòdù lòun ń rà. Lójú tèmi, kíkà ni ẹ ń rà: kí ẹnì kan jókòó ti ohun tó wà nílẹ̀, kí ó kà á tán, kó tó fọwọ́ kàn án.

Ká dúró sórí nọ́ńbà fóònù díẹ̀ sí i. Ká ní àpótí ńlá ni wọ́n lò, BIGINT, òdo iwájú nìkan ni ì bá já. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì rí tó á ní, "Ó rọrùn, ẹ jẹ́ kí n fi òdo síwájú gbogbo wọn." Àgbà á kọ́kọ́ kà á: mélòó ló jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, mélòó ló jẹ́ mẹ́tàlá torí pé akọ̀wé fi 234 síwájú, mélòó ló jẹ́ mẹ́sàn-án torí pé ìka fo ọ̀kan. Ẹyọ mẹ́tàlá tí ẹ bá tún fi òdo sí níwájú ti di ìdọ̀tí lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn kíkà ni yóò tó kó gbogbo rẹ̀ sí ìlànà kan, +234 àti ẹyọ mẹ́wàá, nínú àpótí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti iye. Ìgbà yẹn gan-an ló máa hàn pé oníbàárà kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó jẹ gbèsè ní orúkọ kan, ó ní owó sílẹ̀ ní orúkọ kejì. Ta ló máa pinnu bí wọ́n ṣe máa so wọ́n pọ̀? Akáǹtáńtì yín ni, díbẹ́lọ́pà kọ́. Àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, á tẹ àkójọ náà jáde, á gbé e fún un, á sì dúró. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì náà ń jẹ irú ìyà yìí, torí ẹyọ mẹ́wàá ni NUBAN, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ní ti àwọn tó ti di 2147483647, kò sí wọn nínú dátábéèsì mọ́. Ìwé rìsíìtì oníkábọ́ọ̀nù àti WhatsApp ọmọ tó ń ta ọjà ló kù tí ẹ lè wò.

Bí ẹ ṣe máa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ kò sí nínú CV. Ẹ má ní kó kọ nǹkan tuntun wá fún ìdánwò. Kò sí ẹni tí kò lè ṣe é, pàápàá nísinsìnyí tí AI ń bá èèyàn kọ kóòdù. Ẹ fún un ní fáìlì kan lára èyí tó wà nílẹ̀, èyí tó ń ṣírò owó, pẹ̀lú dátábéèsì tí ẹ ti fi orúkọ àti nọ́ńbà irọ́ rọ́pò ti òótọ́. Wákàtí mẹ́ta tó, kí ẹ sì sanwó wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ó kọ: kí ni fáìlì yìí ń ṣe, ibo ló ti lè tú, kí ni òun kò ní fọwọ́ kàn ní oṣù àkọ́kọ́. Èyí tó bá kọ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ká tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un lówó ọkọ̀. Èyí tó bá béèrè pé, "Ta ló ń lo ojú ìwé yìí ní ìparí oṣù, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?", ẹ dì í mú.

Títún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti jẹ ẹni tó tóbi ju gbogbo wa lọ níyà. Netscape ló ni bíráósà tí ayé ń lò ní àárín àwọn ọdún 1990. Ní 1998 ni wọ́n pinnu láti kó kóòdù tó wà nílẹ̀ dànù. Netscape 5 kò jáde rárá, 6 kò sì dé títí di oṣù Bélú 2000, nígbà tí Internet Explorer, bíráósà Microsoft, ti gba ọjà tán. Ìlà kóòdù tó rí wúruwùru sábà máa ń jẹ́ ojú àpá. Ọgbẹ́ kan ti wà níbẹ̀ rí, ẹnì kan sì ti jìyà rẹ̀ kó tó jinná.

Ọjọ́ kìíní iṣẹ́, ẹ má gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù Sábó, kó wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí wọn yóò fi tì í. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tó bá ti pẹ́ kì í ṣàì ní ìwé kan, ìwé ọmọ iléèwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi okùn so bírò mọ́. Ohun tí áàpù kò lè ṣe ló wà nínú rẹ̀. "Alhaja, 50 àpò, ó máa san ní Jímọ̀, má tíì tẹ̀ ẹ́." "Táìlì méjì fọ́, a ti pààrọ̀ rẹ̀." "Ọjọ́ Orò, ọkọ̀ kò jáde." Gbèsè, ọjà tó padà wá, ọjọ́ tí ìlú kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn: kò sí bọ́tìnì fún wọn. Bí àgbà yín kò bá bèèrè fún ìwé yẹn kó tó di ọ̀sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì.

Ẹ ra ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá fún wíwò nìkan, kí ẹ sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yálà ẹ óò bá a ṣe iṣẹ́ tó kù tàbí ẹ kò ní bá a ṣe é. Ìdí tí mo fi takú lórí èyí ni pé owó àjọsọ kan ṣoṣo fún áàpù àtijọ́ ń kọ́ oníṣẹ́ ní irọ́. Ohun tó bá rí lẹ́yìn tó ti gba iṣẹ́, ṣe ni yóò bò ó mọ́lẹ̀, torí pé nínú àpò tirẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ ti máa jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ wíwò, ẹ máa san án ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ohun kan tí ojú rí sì wà ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ kọ irú owó tí ẹ máa fi san án, náírà tàbí dọ́là, sínú àdéhùn pẹ̀lú, torí dọ́là ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni ní sáfà, kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ń gbà, iye tí ẹ bá fi náírà ṣírò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ sì lè má tó mọ́ ní Òkúdù.

Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe kò ní dùn ún wò. Á gba bákáàpù, á sì gbé e jíǹde lórí ẹ̀rọ mìíràn, torí bákáàpù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé jíǹde rí, fáìlì lásán ni. Á kó kóòdù sínú Git, ètò tó ń rántí gbogbo àyípadà tí wọ́n bá ṣe sí i. Á tan àkọsílẹ̀ àṣìṣe tí ẹnì kan ti pa. Lẹ́yìn náà ni yóò wo PHP, èdè tí wọ́n fi kọ irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2018 ni àtúnṣe ààbò fún PHP 5.6 ti parí, ti 7.4 sì parí ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú 2022. Áàpù tó bá ń fi mysql_query bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ kò lè kọjá sí PHP 7, torí wọ́n ti yọ iṣẹ́ yẹn kúrò pátápátá. Bí ẹni tó ni sáfà bá kàn gbé PHP sókè lóru, ojú ìwé funfun gbòò ni akọ̀wé máa bá láàárọ̀.

Kí àgbà tó sún un sókè, á mú igba rìsíìtì àtijọ́, á sì jẹ́ kí kóòdù tuntun tún wọn ṣírò. Kóbọ̀ kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe igba èyíkéyìí o: kí èyí tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù wà níbẹ̀, àti èyí tí wọ́n san díẹ̀ lára rẹ̀, èyí tí ọjà rẹ̀ padà, èyí tí wọ́n tà ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù. Bí iye bá yàtọ̀, ẹ má tíì dá kóòdù tuntun lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé ti tẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣìṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, pàápàá bí wọ́n bá fi àpótí float, èyí tó ń fojú díwọ̀n nọ́ńbà tó ní ìdá, kó owó. Kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ní kó fi float ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 á fún yín ní 0.30000000000000004. Nínú kóbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ odidi, tàbí nínú DECIMAL, àpótí tí kì í fojú díwọ̀n, ni owó yẹ kó wà.

VAT ló ń fi àgbà hàn jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé 2020 ló kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó di 7.5. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á wá 0.05 nínú kóòdù, á rí i níbi mẹ́ta, á yí i padà, á ní ó tán. Kò tíì tán. Ibòmíràn wà tí wọ́n kọ 1.05 sí, òmíràn sì kọ 105. Èyí tó burú jù ni ibi tí wọ́n ti kọ "pín in sí 21". Kí ni 21 wá ṣe níbẹ̀? Ọjà tí VAT ti wà nínú iye rẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ VAT nínú ₦105, ₦5 ni, ìyẹn ìdá kan nínú mọ́kànlélógún. Ẹni tó gbọ́n nínú ìṣirò ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ní 7.5, 3 lórí 43 ni yóò jẹ́, kò sì sí ẹni tó máa rí i pẹ̀lú wíwá 0.05. Síbẹ̀, rìsíìtì oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020 tí ẹ bá tún tẹ̀ jáde lónìí gbọdọ̀ ṣì fi 5 hàn. Nítorí náà, VAT kì í ṣe nọ́ńbà kan nínú kóòdù mọ́. Tábìlì kékeré ni, tí ọjọ́ tí iye kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kíkọ tábìlì yẹn. Wíwá 21 ló gba ọjọ́ méjì.

Ní 2004 ni Martin Fowler, tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ kóòdù, fún ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù láti sọ áàpù àtijọ́ di tuntun ní orúkọ, ó fi wé igi tó máa ń hù lórí igi. Ẹni tó bá ti wọ oko ní ọ̀nà Ìmọta mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ á su hóró sí ọrùn ọ̀pẹ, gbòǹgbò á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, ọ̀pẹ á sì ṣì máa so nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ìyẹn jẹ́ lórí sáfà ni pé wọ́n á fi nginx, ètò tó ń darí ẹni tó bá wọlé sí ojú ìwé tó yẹ, síwájú. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni tuntun á kọ́kọ́ gbà, gbogbo èyí tó kù á ṣì máa lọ sọ́dọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń kà tí wọn kì í kọ nǹkan sí, bí iye ọjà àti ìròyìn ojoojúmọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ni kó gbẹ̀yìn. Bí ó bá kan ìyẹn, kí tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ jọ máa ṣírò fún odidi oṣù kan, torí ìparí oṣù ń ṣe ohun tí ọjọ́ mìíràn kì í ṣe.

Aago náà wà níbẹ̀. Tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò lè dé ilé ìkẹ́rùsí Odógunyàn ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru. Bí sáfà bá ń lo UTC, aago àgbáyé tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé Èkó ni a wà, agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná ló máa kọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù, ẹrù náà bọ́ sínú oṣù tó kọjá, akáǹtáńtì á sì máa wá 600 àpò. Ti sáfà tó wà ní Jámánì tí wọ́n fi sí aago ibẹ̀ tún ju ìyẹn lọ: láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà dé ìparí Ẹrẹ́nà, aago wọn àti tiwa dọ́gba rẹ́gí, tó bá di oṣù yòókù, tiwọn á fi wákàtí kan ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní áàpù náà "máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì". Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní UTC, kí ẹ fi aago Èkó, èyí tí kọ̀ǹpútà ń pè ní Africa/Lagos, hàn án lójú.

Orúkọ wa náà ń fi ìwà hàn. Dátábéèsì tó wà lórí latin1, ìlànà lẹ́tà àtijọ́ tí kò mọ lẹ́tà wa, á sọ lẹ́tà "ọ" nínú Adébáyọ̀ di àmì ìbéèrè, kò sì ní rántí ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kódà lórí utf8mb4, ìlànà tuntun tó mọ̀ ọ́n, "ọ̀" kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: fóònù kan lè kọ "ọ" pẹ̀lú àmì ohùn, òmíràn lè kọ "ò" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, PHP á sì ní èèyàn méjì ni. Kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo láti to lẹ́tà àti àmì rẹ̀, bó bá ṣe ń wọlé, kí àpótí kejì tí kò ní àmì rárá sì wà fún wíwá, torí akọ̀wé tó ń kánjú kì í fi àmì sí nǹkan kan. Ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ gbà ní ìbéèrè yìí. Bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, kò yẹ kó ṣàjèjì sí i.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú ló wà, síbẹ̀ ínfátà la ń tàn, bí iná bá sì lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lè lọ. Akọ̀wé á tẹ bọ́tìnì, ojú ìwé á dúró, á tún un tẹ̀, ọjà kan á di méjì. Ẹni tó bá kàn sọ bọ́tìnì di aláìlètẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ kò tíì ṣe nǹkan, torí akọ̀wé á tún ojú ìwé ṣí. Kí fọ́ọ̀mù náà gba àmì kan tí kò ní èkejì nígbà tó bá ṣí, kí sáfà má sì gba àmì kan lẹ́ẹ̀mejì. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú: kóbọ̀ ni Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń kà, 500000 ni ₦5,000. Ẹni tó bá fi 5000 ránṣẹ́ ti ta ọjà ní ₦50. Kí wọ́n má sì gbà pé owó ti wọlé torí pé bíráósà oníbàárà padà wá sí "Ẹ ṣé". Sáfà yín ni kó bi Paystack fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá iye tó san bá iye tó yẹ mu.

Ní ti àdéhùn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Dómeenì, àkáǹtì sáfà, Git, Paystack, àti ti SMS, orí ímeèlì ilé iṣẹ́ ni kí gbogbo wọn wà, kì í ṣe Gmail díbẹ́lọ́pà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé tiyín ni kóòdù tí ẹ sanwó rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín lè sọ pé tòun ni bí ìwé kò bá sọ̀rọ̀. Kí dátábéèsì oníbàárà má sì sùn sórí láptọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni. Òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o bí ìjáde dátà bá lè kó àwọn tó ni ín sí ewu. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n jí nínú ọkọ̀ ní ọ̀nà Mile 12 wà nínú rẹ̀.

Ẹ gba ọ̀dọ́ kan mọ́ ọn, bóyá lára àwọn tó jáde ní LASUSTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkòròdú, kí àgbà yẹn máa wo gbogbo ohun tó bá kọ kó tó wọ sáfà. Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ máa parí, ẹ yan àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ fún ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, bákáàpù àná, àti ìwé tí àgbà kọ. Kí ó gbé gbogbo áàpù náà jíǹde títí rìsíìtì kan yóò fi jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àgbà á jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ojú ìwé kan ló sọnù nínú ìwé tó kọ. Kí ó kọ ọ́ kí ẹ tó san èyí tó kù.